Táyà tó bẹ́ lórí afárá Atchafalaya

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá kù díẹ̀ àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Ògún ọdún 2024, táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ mi, ti apá ọ̀tún, bẹ́ lórí afárá gígùn tó gba orí irà Atchafalaya kọjá ní ìpínlẹ̀ Louisiana, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi la wà nínú ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó fara pa. Ọlọ́run ló yọ wá, mo sì ti lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni mí, níbi iṣẹ́ wa ọpẹ́ kì í dí àkọsílẹ̀ lọ́wọ́. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn, a ó kọ aago, a ó kọ ẹni tó wà níbẹ̀, a ó kọ ohun tí a rí, ohun tí a ṣe àti ohun tó yẹ ká ti ṣe kó tó ṣẹlẹ̀. Ohun tó mú kí táyà yẹn bẹ́, ara táyà náà ni wọ́n kọ ọ́ sí. Oṣù mẹ́wàá gbáko ló fi wà lọ́dọ̀ mi, n kò kà á.

Ọ̀rẹ́ mi yìí, Ìyá Ìbejì ni gbogbo ayé ń pè é. Abẹ́òkúta la ti jọ ṣe sẹ́kọ́ńdírì, àga kan náà la jọ ń jókòó lé. Ogún ọdún lẹ́yìn náà la tún ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé ní Houston, ní ibi òkú kan. Láti ilé ẹ̀kọ́ ló ti ń pè mí ní Nọ́ọ̀sì, nítorí èmi ni mo máa ń fi òwú nu ojú egbò fún àwọn ọmọ kíláàsì wa. Bàbá rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún wa ọkọ̀ akérò láàárín Abẹ́òkúta àti Èkó. Ẹ fi ọ̀rọ̀ bàbá yẹn sọ́kàn, nítorí òun ló gbà wá lọ́jọ́ náà.

Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Atlanta ló bímọ. Ìsọmọlórúkọ bọ́ sí Sátidé, aago mẹ́wàá àárọ̀. Bàbá wa ti lọ, màmá wa kò sì rí físà gbà, wọ́n ní kí èmi àkọ́bí lọ dúró ní ipò àwọn. Ọwọ́ mi ni oyin, orógbó, obì, atare àti iyọ̀ wà, mo rà wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé wa ní òpópónà Bissonnet, ní Houston. Àdìrẹ tí màmá fi rán èèyàn wá láti ọjà Ìtòkú náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú kúlà mẹ́ta tó kún fún mọ́ínmọ́ín, ẹja díndín àti ẹran. Ẹrù yẹn kò ṣeé kó wọ bàálù. Ìyá Ìbejì ní kí n má dá nìkan lọ, òun á bá mi wakọ̀.

Láti Houston dé Atlanta, ó tó nǹkan bí 800 máìlì. Ìpínlẹ̀ márùn-ún lọ̀nà yẹn gbà kọjá: Texas, Louisiana, Mississippi, Alabama, Georgia. Bí ọ̀nà bá dá, tí èèyàn kò sì jókòó pẹ́ níbi tó ti ń ra epo, á tó wákàtí méjìlá sí mẹ́tàlá. Mo ti ṣírò rẹ̀: ká jáde ní aago márùn-ún àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ká dé kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá, ká sùn dáadáa, kí n jí ní Sátidé kí n wẹ̀, kí n wé gèlè. Ìyá Ìbejì bẹ̀ mí pé ká fi wákàtí kan yà sí Mobile, ní Alabama, ká lọ wo Africatown, àdúgbò tí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú wá láti Áfíríkà dá sílẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń sọ ọ́. Mo ní kò sí àyè.

Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ló wá wo ọkọ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ta táyà ẹ̀yìn, ó ní, "Èyí ńkọ́?" Mo ní eyín rẹ̀ ṣì wà digbí. Mo mú owó ẹyọ kan, ti sẹ́ńtì kan, mo dorí rẹ̀ kodò, mo tì í bọ àárín eyín táyà bí wọ́n ti máa ń ṣe níbí. Bí gbogbo orí Lincoln tó wà lára owó náà bá yọ síta, táyà ti jẹ tán. Tèmi bo Lincoln dé iwájú orí. Ìyá Ìbejì wò ó, ó ní, "Mo rí i. Ọjọ́ orí ẹ̀ ńkọ́?" Mo rẹ́rìn-ín, mo bi í pé ṣé táyà náà ń ṣe ọjọ́ ìbí ni. Ìdáhùn yẹn ṣì ń dùn mí títí di bí mo ti ń kọ èyí.

Tòkunbọ̀ ni táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Oṣù Ọ̀wàrà 2023 ni mo rà wọ́n lọ́wọ́ fọkanáísà kan ní àdúgbò wa, dọ́là 45 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó tà á kò parọ́ fún mi. N kò bi í ní nǹkan kan. Láti ọjọ́ tó ti dè é mọ́ ọkọ̀ ni iná kékeré aláwọ̀ òféèfèé kan ti ń tàn níwájú mi, èyí tó ní àmì ìyanu láàárín, tó máa ń sọ pé afẹ́fẹ́ táyà kò tó. Mo gbà pé nǹkan tó ń tan iná náà ló ti bàjẹ́. Ojú mi mọ́ iná náà lára débi pé n kò rí i mọ́. Èmi tí mo máa ń bá àwọn ọmọ iṣẹ́ wí pé kí wọ́n má pa ẹ̀rọ tó ń ké lẹ́nu láìwo aláìsàn.

A fi Houston sílẹ̀ ní aago 6:20. Èmi ni mo dá wa dúró. Mo ti ṣiṣẹ́ òru méjì léra, èyí tó kẹ́yìn parí ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, oorun tí mo sùn lẹ́yìn náà kò sì tó nǹkan, àṣè ló gba ọjọ́ náà lọ́wọ́ mi. Ìyá Ìbejì ló bọ́ sí ìdí sitíárìn. Nígbà tí a yà ra epo, ó ní ká wọn afẹ́fẹ́ táyà. Mo ní ó ti pẹ́, ká ṣe é ní Beaumont. Nígbà tí a máa fi dé Beaumont, mo ti sùn lọ, ó sì ṣàánú mi, kò jí mi.

Ẹni tí kò bá gba afárá Atchafalaya rí, kó fojú inú wo títì márosẹ̀ tó kúrò lórí ilẹ̀, tó wọ inú irà lọ fún máìlì 18. Ọdún 1973 ni wọ́n ṣí i. Afárá méjì ló jókòó ti ara wọn, ọ̀kan ń lọ sí ìlà oòrùn, ìkejì ń bọ̀ sí ìwọ̀ oòrùn, omi wà láàárín, omi wà lábẹ́. Igi dúró sínú omi, ewéko aláwọ̀ eérú ń já wálẹ̀ lára ẹ̀ka wọn bí irùngbọ̀n àgbàlagbà. Ó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé mo ti gbé fóònù sókè láti yà á. Òfin ibẹ̀ ni kí ọkọ̀ kéékèèké má kọjá 60 máìlì ní wákàtí kan, kí tírélà má kọjá 55. Inú mi dùn pé Ìyá Ìbejì jẹ́ ẹni tó ń pa òfin mọ́. Oòrùn ti mú gan-an nígbà yẹn, kọnkéré afárá ń tan yòò.

Mo kọ́kọ́ gbọ́ pá, pá, pá, bí ìgbà tí èèyàn ń fi aṣọ tútù na ara ọkọ̀. Mo ní, "Kí nìyẹn?" Kò tíì dáhùn tí ohun kan fi ró gbàà, ìdí ọkọ̀ sì fì lọ sí apá òsì, sí ọ̀nà tírélà tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo figbe ta. Mo ní, "Tẹ búrẹ́ẹ̀kì! Tẹ búrẹ́ẹ̀kì!" Ìyá Ìbejì sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n: "Nọ́ọ̀sì, dákẹ́." Ó fi ọwọ́ méjèèjì di sitíárìn mú, ó tẹjú mọ́ iwájú, kò fi ẹsẹ̀ kan búrẹ́ẹ̀kì rárá. Ó rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́tù, díẹ̀ díẹ̀. Ọkọ̀ jà, ó mì, ó tún wá tọ́. Tírélà yẹn fun fèrè, ó kọjá lápá òsì wa, afẹ́fẹ́ rẹ̀ tì wá. Nígbà tí eré wa ti wálẹ̀ dé bí ogún máìlì, ó yà sí etí ọ̀nà, iná pàjáwìrì ń ṣẹ́jú.

Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tó ń bá bàbá gba owó ọkọ̀ nígbà họlidé, táyà bẹ́ lábẹ́ wọn, bàbá sì ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó wá ṣàlàyé fún un lẹ́yìn náà pé táyà tó bẹ́ ti di ìwọ̀ tó ń fa apá kan ọkọ̀ sẹ́yìn. Bí o bá tún tẹ búrẹ́ẹ̀kì, gbogbo ìwúwo ọkọ̀ á sáré lọ síwájú, ẹ̀yìn á fúyẹ́, á yí, o ò ní rí i mú mọ́. Jẹ́ kí eré náà kú fúnra rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn awakọ̀ níbí náà nìyẹn, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ ọ́n títí di ọjọ́ yẹn, mo sì ti ń wakọ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá. Ká ní èmi ni mo wà nídìí ọkọ̀ ni, ẹsẹ̀ mi ì bá ti wà lórí búrẹ́ẹ̀kì kí n tó ronú.

Ibi tí àwa méjèèjì ti fẹ́ ṣìyèméjì ni ohun tó kàn. Etí ọ̀nà orí afárá yẹn kò fẹ̀. Tírélà ń kọjá ní ìwọ̀n apá méjì sí wa, gbogbo ọkọ̀ sì ń mì tìtì. Lórí ilẹ̀, ohun tó yẹ ni kí èèyàn bọ́ sílẹ̀, kó rìn jìnnà sí ojú títì. Níbẹ̀, odi kọnkéré ló wà lápá ọ̀tún, lẹ́yìn odi, omi ni. Mo fẹ́ pe 911, ká jókòó, ká dúró. Ìyá Ìbejì ní òun kò ní jókòó sójú ọ̀nà tírélà. Àmì tó wà níwájú sọ pé àbájáde Whiskey Bay kò ju máìlì kan lọ. Ó ní òun á fà á débẹ̀ ní ìrọ̀rùn, lórí etí ọ̀nà, bí rímù bá bàjẹ́, kó bàjẹ́. Mo gbà. A rìn bí ẹni ń tẹ̀lé pósí. Rímù ń han, ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu wa. Àwọn kan ti sọ fún mi lẹ́yìn náà pé kò yẹ ká ti rìn lórí rímù. Rímù náà bàjẹ́ lóòótọ́. N kò kábàámọ̀ dọ́là kan nínú owó tí mo fi rọ́pò rẹ̀.

Whiskey Bay kì í ṣe ìlú. Ọ̀nà kan ló sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ afárá, òkúta wẹ́wẹ́, igi, omi àti ibi tí àwọn apẹja ti ń sọ ọkọ̀ wọn sínú odò. A yọ sípéè lábẹ́ ọkọ̀. A ti jáàkì bọ abẹ́ rẹ̀, jáàkì sì bẹ̀rẹ̀ sí í rì sínú ilẹ̀. Bàbá òyìnbó kan tó ń fa ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ bọ̀ láti odò rí wa. Kò béèrè ibi tí a ti wá. Ó gbé pákó kan látinú ọkọ̀ rẹ̀, ó fi sábẹ́ jáàkì, ó ní ká sún sẹ́yìn. Kó tó dè é, ó fi géèjì wọn sípéè: 22. Ó mi orí. Táyà kékeré bẹ́ẹ̀, 60 ló yẹ kó wà nínú rẹ̀. Ká ní a dè é bẹ́ẹ̀, á tún dá wa dúró lórí afárá kan náà. Ó ní ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà, ó fi fẹ́ ẹ títí ó fi pé. Mo ní kó wọn táyà ẹ̀yìn kejì tó kù pẹ̀lú. Ó jẹ́ 25. Ìwé tó lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀ sọ pé 35.

Bàbá náà kọ owó. Ìyá Ìbejì ṣí kúlà, ó fún un ní mọ́ínmọ́ín mẹ́rin àti ẹja. Ó jẹ ọ̀kan lójú ẹsẹ̀, lórí ìdúró.

Nígbà náà ni Ìyá Ìbejì yí òkú táyà náà dùbúlẹ̀. Òkè rẹ̀ ti ṣí kúrò bí èèpo ọsàn, okùn irin tín-ín-rín ń yọ jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà. Ó fi itọ́ nu ẹ̀gbẹ́ tó ń kọjú síta. Ó rí lẹ́tà DOT, àmì ìjọba Amẹ́ríkà lára táyà, kò rí ohun tó ń wá. Ó yí i padà sí ẹ̀gbẹ́ tó ń kọjú sí abẹ́ ọkọ̀. Níbẹ̀, ní òpin àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà náà, nọ́ńbà mẹ́rin wà: 3411. Ó pè mí. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélọ́gbọ̀n, ọdún 2011. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni táyà tí a gbé sábẹ́ ara wa."

Bó ṣe rí nìyẹn. Láti ọdún 2000, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú àkọlé DOT ló ń sọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe táyà: méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀, méjì tó kù jẹ́ ọdún. Ẹ̀gbẹ́ kan péré ni wọ́n sì sábà máa ń kọ ọ́ tán pátápátá sí. Bí fọkanáísà bá de ẹ̀gbẹ́ yẹn sínú, àfi kí o bẹ̀rẹ̀, kí o tan iná sábẹ́ ọkọ̀, kí o tó rí i. Rọ́bà ń gbó bí ara èèyàn ṣe ń gbó. Afẹ́fẹ́ ń wọ inú rẹ̀, ooru ń sè é, ó ń le, ó ń sán láti inú, ohun tó so òkè táyà mọ́ okùn irin tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ojú kò rí i. Eyín táyà lè ga digbí síbẹ̀, pàápàá táyà tó ti jókòó sí ìpamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó tún un tà. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ ló ní kí èèyàn pààrọ̀ táyà lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, bó ti wù kí eyín rẹ̀ dára tó. Àwọn tó ń ṣe táyà fúnra wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbà kó kọjá ọdún mẹ́wàá. Owó ẹyọ tí mo tì bọ àárín eyín, ibi tí eyín jẹ dé nìkan ló lè sọ.

Ogbó nìkan sì kọ́ ló pa táyà yẹn. Afẹ́fẹ́ tí kò tó ló mú kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa wọ́, kó máa nà, ní gbogbo ìgbà tó bá yí, bẹ́ẹ̀ sì ni ooru ń kún inú rẹ̀. Ẹrù wa wúwo, ìdí ọkọ̀ ni gbogbo kúlà wà. Oòrùn oṣù Ògún ní Louisiana wà lókè, a sì ti sáré lórí márosẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin. Ní ọ̀nà ibi iṣẹ́ mi, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójú títì àdúgbò, ó lè má bẹ́ títí di ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀nà jíjìn ló fà á jáde.

Sípéè kékeré yẹn kò gbọdọ̀ sáré ju 50 máìlì lọ. A rọra wọ́ dé Port Allen, kí a tó sọdá odò Mississippi sí Baton Rouge. Fọkanáísà tí a rí níbẹ̀ kọ́kọ́ gbé tòkunbọ̀ méjì wá, ó ní owó rẹ̀ rọrùn. Ìyá Ìbejì bẹ̀rẹ̀, ó ka nọ́ńbà, ó dìde, ó ní rárá. Tuntun méjì la rà, 1424 ló wà lára wọn, oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni wọ́n ṣe wọ́n. Rímù la dúró dè. Wọ́n ní wákàtí kan, ó di mẹ́rin. Nígbà tí a fi kúrò níbẹ̀, ó ti lé ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, gbogbo Baton Rouge ló sì ń gba afárá orí odò yẹn lọ sílé.

A dé Mobile ní aago mẹ́wàá alẹ́ kọjá. Ibẹ̀ la ti jà. Mo ní ká máa lọ, wákàtí márùn-ún péré ló kù, èmi á wakọ̀. Ìyá Ìbejì yà sí hòtẹ́ẹ̀lì kan, ó pa ọkọ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́. Mo bú sẹ́kún. Mo ní kò mọ ohun tó ń bẹ lórí mi, màmá mi ń retí, àkọ́bí ni mí. Ó jẹ́ kí n sunkún tán. Ó wá ní, "Ìwọ lo sọ fún mi pé ẹni tí kò sùn fún ọjọ́ kan dà bí ẹni tó mutí yó. Ó di wákàtí mélòó tí o ti sùn gidi?" N kò lè dá a lóhùn. Mo ti kọ́ àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ àìmọye ìgbà: ẹni tó bá wà lójúfò fún wákàtí 24, ara rẹ̀ ń ṣe bíi ti ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti kọjá ohun tí òfin gbà fún awakọ̀. Mo pe àbúrò mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sùn. Ọmọ kò ní sá lọ." Wọn kò lè sún aago síwájú, pásítọ̀ ní ìgbéyàwó lọ́sàn-án. Wọ́n á fi WhatsApp pe èmi àti màmá.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, n kò kọ̀ mọ́ nígbà tí Ìyá Ìbejì ní ká lọ sí Africatown. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì wa. Afárá ńlá kan tí wọ́n fi orúkọ ibẹ̀ pè na ọrùn sókè lórí odò. Ṣọ́ọ̀ṣì Union Missionary Baptist wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ère orí ọkùnrin kan wà níwájú rẹ̀. Ní òdìkejì títì ni itẹ́ òkú Old Plateau wà, níbi tí wọ́n sin ọkùnrin náà sí. Wọ́n ti ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan níbẹ̀ ní 2023, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kò tíì ṣí ní agogo tí a dé.

Cudjo Lewis ni Alabama ń pè é. Orúkọ tó gbé wá láti ilé ni Kossola. Ọmọ Yorùbá ni, láti ìhà Bantè tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí. Ọdún 1860 ni ogun Dahomey kó o, nígbà tó tó bí ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Wọ́n dè é lọ sí Ouidah. Ọkọ̀ ojú omi Clotilda kó òun àti àwọn mìíràn, gbogbo wọn tó bí 110, wá sí Mobile, nígbà tó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí òfin Amẹ́ríkà ti ní kí ẹnikẹ́ni má kó ẹrú wọlé mọ́. Wọ́n dáná sun ọkọ̀ náà kí àṣírí má baà tú. Ọdún 2019 ni wọ́n tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àwókù rẹ̀ ni wọ́n rí nínú odò Mobile. Nígbà tí òmìnira dé ní 1865, ilé ni wọ́n fẹ́ padà sí. Owó ọkọ̀ kò tó. Wọ́n ní kí Meaher, olówó tó rán ọkọ̀ náà níṣẹ́, fún wọn nílẹ̀, ó kọ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n kó owó jọ, wọ́n ra ilẹ̀ náà, wọ́n kọ́lé, wọ́n ń sọ èdè wọn níbẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni èmi àti Ìyá Ìbejì. Láti kékeré la ti ń gbọ́ bí Dahomey ṣe gbógun wá sí Abẹ́òkúta ní 1851, tí wọ́n tún padà wá ní 1864, tí àwọn bàbá wa sì lé wọn sẹ́yìn. Mo ti kọrin rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́. N kò ronú rí nípa àwọn ìlú tí kò rí wọn lé.

Ìyá Ìbejì ló sọ ti àwọn ọmọ rẹ̀ fún mi, lórí ìdúró níwájú ibojì. Kossola àti ìyàwó rẹ̀, Abile, bí ọmọ mẹ́fà, wọ́n sì sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ méjì, ọ̀kan fún Amẹ́ríkà, ọ̀kan fún ilé. Aleck ni àkọ́bí. Orúkọ ilé rẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, ni Iyadjemi. Mo kà á sókè lẹ́ẹ̀kan bí òyìnbó, mo tún kà á bí Yorùbá. Ìyàjẹmí. Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́, mo jókòó sórí koríko. Gbogbo ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló kú ṣáájú bàbá wọn. Òun kú ní 1935.

Ibẹ̀ ni mo jókòó sí nígbà tí fóònù dún. Aago mẹ́sàn-án ní Mobile, mẹ́wàá ní Georgia, mẹ́ta ọ̀sán ní Abẹ́òkúta. Màmá wà lójú fóònù pẹ̀lú gèlè lórí, wọ́n bi mí léèrè ibi tí mo wà. Mo ní, "Mà, ní ojú oórì ará ilé wa kan ni mo wà." Wọn kò béèrè sí i. Ìyá ọkọ àbúrò mi fi oyin tí wọ́n yá ládùúgbò tọ́ ọmọ lẹ́nu, wọ́n fi iyọ̀ tọ́ ọ, wọ́n gbàdúrà. Ó kàn mí láti sọ orúkọ. Orúkọ tí mo ti mú láti Houston ni mo sọ, orúkọ ayọ̀ ni, ilé wa ló ni ín, n kò ní kọ ọ́ síbí. Mo sọ ọ́ kedere, tòhùn-tòhùn, ó sì jáde lórí itẹ́ òkú yẹn bí mo ṣe fẹ́ kó jáde. Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ dáhùn "Àṣẹ."

A gba Montgomery, a sọdá ẹnubodè Georgia níbi tí aago ti ń fò síwájú ní wákàtí kan, a sì wọlé àbúrò mi ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Àlejò ṣì kún ilé. Àbúrò mi gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́, ó tún bu oyin tiwa sí i lẹ́nu, torí ó ní èyí ló yẹ kó kọ́kọ́ débẹ̀. Àdìrẹ màmá la fi bo ọmọ náà títí ó fi sùn.

Nígbà tí mo wá Ìyá Ìbejì láti fún un lóúnjẹ, n kò rí i nínú ilé. Ó wà ní iwájú ilé, níbi tí àwọn àlejò páàkì sí, ó kúnlẹ̀ lórí kọnkéré pẹ̀lú aṣọ òde lára, ó ń tan iná fóònù sábẹ́ ọkọ̀ kan lẹ́yìn ìkejì. Ó dé ìdí ọkọ̀ kẹrin, ó dúró síbẹ̀, ó nu ẹ̀gbẹ́ táyà náà pẹ̀lú etí ìró rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì," ó pè mí, "wá bá mi wá ẹni tó ni èyí."